Ta Ni Gbémiga Máa Kọ́kọ́ Mú?

Lọ́dún tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí iná ń jó lórí àga òfìfo nínú àwọn ilé gogoro downtown Calgary, wọ́n dá Olúgbémiga Ọláoyè dúró lẹ́nu iṣẹ́. Geologist ni. Bí ẹlòmíì ṣe ń ka ìwé ìròyìn ni òun ṣe ń ka òkúta. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè wọ́n sí meeting, gbogbo floor wọn ló jọ gbé páálí jáde, títí kan ọ̀gá tó pe meeting náà. Gbémiga gbé páálí tiẹ̀ wọ train, ó gbé e lé itan títí dé Marlborough, ó wọ bọ́ọ̀sì délé wọn ní Pineridge, ó gbé e sí basement, kò sì tún yà sídìí ẹ̀ mọ́.

Kò sunkún, kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló kàn pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni pàápàá. Gbémiga kì í gbá bọ́ọ̀lù o. Àlàyé bọ́ọ̀lù ló mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo ará ọ́fíìsì ló jọ ń pín in gbọ́. Nísinsìnyí, Rodiyat ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù. Nurse ni Rodiyat, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní hospital tó wà ní Sunridge. Tó bá wọlé láàárọ̀, tí snow ṣì wà léjìká rẹ̀, Gbémiga á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́.

"Mo ti rí ibi tí wàhálà Super Eagles wà," á ní. "Àárín ni."

"Daddy Ìdùnnú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bọ́ bàtà kejì ná."

Ìdùnnú ni ọmọ wọn kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, Yorùbá yé e dáadáa, ṣùgbọ́n òyìnbó ló fi ń dá wọn lóhùn.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Northeast, apá ibi tí wọ́n ń gbé ní Calgary, ní league tiwọn nígbà náà, ikọ̀ mẹ́rin, tí wọ́n máa ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé nígbà ooru, lórí pápá kan ní Marlborough. Àmọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ń tú ká. Àwọn kan kó lọ sí Toronto, àwọn kan padà sí Èkó. Nígbà tí òtútù fi máa dín, ikọ̀ kan ti ku èèyàn mẹ́ta àti kúlà omi wọn. Ẹ̀gbọ́n Oyètúndé, àgbàlagbà tó jẹ́ alága league, bá pe ìpàdé.

"Ẹ jẹ́ ká da gbogbo wa pọ̀, ká tún ara wa pín," ó ní.

Clement ló dábàá bí wọ́n ṣe máa pín ara wọn. Ọmọ Benin ni Clement, Mushin ló dàgbà sí, ẹnu rẹ̀ kì í dúró sórí èdè kan. "Make we do draft, bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe é," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká yan coach mẹ́rin. Kí coach àkọ́kọ́ mú èèyàn kan, kó kan ìkejì, kó kan ìkẹta, báyìí báyìí títí a máa fi tán nílẹ̀. Ọ̀dọ̀ coach tó bá mú ẹ lo wà nìyẹn. No exchange."

Wọ́n gbà. Wọ́n yan Clement ní coach, wọ́n yan àwọn méjì míì, ó wá ku ẹyọ kan. Ẹ̀gbọ́n Oyètúndé wo yàrá yíká, ojú rẹ̀ sì dúró lórí Gbémiga.

"Gbémiga, ìwọ lo ní àyè jù."

Gbogbo wọn ló mọ ohun tó fún un ní àyè. Ọ̀rọ̀ náà dun Gbémiga díẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó délé, inú dídùn ló ti dà. Ó wọlé tàyàtàyà, ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Coach.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé ta ni kó kọ́kọ́ mú. Láàárọ̀ Sunday, ó to pápá sórí tábìlì oúnjẹ. Ẹyin bíbọ̀ kan ló fi ṣe kípà, ó to Maggi síwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn, ó to síbí sí àárín, ó wá gbé ìgò ata gígùn kan síwájú pátápátá.

"Kípà," ó ní, ó ń nàka sí ẹyin. "Débọ́lá la máa kọ́kọ́ mú."

Débọ́lá ni kípà gidi kan ṣoṣo tó kù ní Northeast, ọmọkùnrin gíga kan tó ń ṣiṣẹ́ computer, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ìrẹsì.

"Àwọn tó ń gbá iwájú pọ̀ nílẹ̀ yìí," Gbémiga ń bá àlàyé lọ. "Kípà, ẹyọ kan. Tí a bá ti gbé e, èèyàn lásán làwọn yòókù máa fi dí ojú ilé tiwọn."

Rodiyat gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò sì mọ iṣẹ́ míì ju bọ́ọ̀lù lọ. Mi ò rí ọjọ́ kan tí wọ́n gbé kípà sọ́rùn jó wọ àdúgbò wa. Ẹni tó bá jẹ gólì ni wọ́n máa ń gbé. Ẹ mú Ìtẹ́olúwa, ọmọ yẹn tó ń ṣe welder. Ó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé."

"Tí Ìtẹ́olúwa bá jẹ gólì méjì, tí wọ́n wá gbá mẹ́ta wọlé wa ńkọ́?"

"Kó jẹ mẹ́rin."

"Rodi, bọ́ọ̀lù kì í ṣe ìṣirò báyẹn!"

"Kí wá ni?"

Ìdùnnú ò gbójú kúrò lára phone rẹ̀. "Best player available, Daddy," ó ní. "You don't pick by position. You just take the best guy left. Everybody knows that."

"Everybody wo? Ta ló ń jẹ́ everybody?"

"Like, literally everybody."

"Tí best player mẹ́wàá bá jẹ́ àwọn tó ń gbá àárín ńkọ́? Ṣé àárín ni gbogbo wa máa dúró sí bí ẹni ń dúró de bọ́ọ̀sì?"

"Midfielders can play anywhere," Ìdùnnú dáhùn, ó sì padà sídìí phone rẹ̀.

Gbémiga dìde dúró. Ó fẹ́ fi hàn wọ́n bí bọ́ọ̀lù ṣe máa wọlé tí kípà ò bá sí. Ó na ọwọ́ sí ẹyin, kò bá ẹyin níbẹ̀. Ó wo abẹ́ àwo, ó wo ilẹ̀, ó wá wo ìyàwó rẹ̀. Ẹnu Rodiyat kún.

"Ebi ń pa mí," ó sọ nígbà tó gbé e mì. "Ẹ̀yin náà sì ti rí i báyìí pé kípà ò lè sá."

Àríyànjiyàn náà ò tán lọ́jọ́ yẹn, kò sì tán lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n jà á ní kíṣìnì, wọ́n jà á nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ ra iṣu. Kódà tí Rodiyat bá ń mi orí lójú oorun, Gbémiga á ní ó ń gbà pẹ̀lú òun.

Kó má baà máa jókòó sílé, Gbémiga máa ń wọ train láti Marlborough lọ sí library downtown, níbi tó ti ń kọ application. Lọ́jọ́ kan, ó pe Ọládọ̀tun lórí phone, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ lọ sí yunifásítì, tó ń gbé ní Edmonton. Ọládọ̀tun bi í léèrè ẹni tó máa mú. Ohùn Gbémiga kì í ṣe ohùn tí èèyàn ń gbé wọ train.

"Débọ́lá ni mo máa mú!" ó ní. "Àwọn tó kù ò mọ ohun tí kípà jẹ́. Clement gan-an, iwájú nìkan ló mọ̀. Kò tiẹ̀ ní wo apá ọ̀dọ̀ Débọ́lá rárá. Máa wòran!"

Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ọkùnrin kan jókòó tó fi fìlà jákẹ́ẹ̀tì bo orí títí dé imú nítorí òtútù. Clement ni. Òun náà ń lọ síbi tí wọ́n ti pè é fún interview. Kò kí Gbémiga. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ ní stop tiẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lọ.

Ọjọ́ draft pé. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ Sátidé kan, gbogbo wọn kóra jọ sí basement Ẹ̀gbọ́n Oyètúndé ní Marlborough. Puff-puff wà nílẹ̀, kọfí wà nílẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù sára pátákó funfun, wọ́n sì ká bébà onínọ́ńbà sínú fìlà òtútù kan kí àwọn coach fà á. Clement fa nọ́ńbà kìíní, Gbémiga fa ìkejì. Gbémiga rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ju puff-puff kan sẹ́nu.

Clement dìde, ó tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe. "With the first pick," ó ní, ó ń ṣe ohùn bíi ti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, "mo mú Débọ́lá."

Puff-puff tó wà lẹ́nu Gbémiga kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

"Clement! Kí lo fẹ́ fi kípà ṣe?"

"Nǹkan tí ẹ̀yin náà fẹ́ fi ṣe ni. Bọ̀dá Gbémiga, train no be parlour o."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Oyètúndé rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu omi ojú, ó ní, "Ó yá, Gbémiga, ìwọ ló kàn."

Gbogbo ohun tí Gbémiga ti rò láti ọjọ́ yìí, Débọ́lá ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kò ní ohun míì nílẹ̀. Ohùn ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ lórí.

"Ìtẹ́olúwa!" ó kígbe, bí ẹni tó ń dá takisí dúró.

Láti ibẹ̀ lọ, ohùn ọmọ rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Ìgbàkígbà tó bá kàn án, ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù jù nínú àwọn tó kù ló ń mú, kò béèrè ibi tí onítọ̀hún máa ń gbá. Nígbà tí wọ́n parí, ó wo orúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ lókè sódò. Yàtọ̀ sí Ìtẹ́olúwa àti bàbá kan tó ń gbá ẹ̀yìn, gbogbo wọn pátá, àárín ni wọ́n ń gbá. Kò sí kípà.

Nígbà tó délé, ó jókòó ti Rodiyat. "Mo ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa," ó ní. "Mo rí i pé striker ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mú."

"Hẹn-ẹ́n?" Rodiyat fi etí ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Oyètúndé ti ro gbogbo ẹ̀ fún un lórí WhatsApp kí Gbémiga tó dé bus stop.

Bó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, Gbémiga kó wọn jọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ training. Snow rọ̀ lé wọn lórí ní May, wọ́n ń gbá a lọ bẹ́ẹ̀. Ìtẹ́olúwa ń jẹ gólì bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Ọ̀rọ̀ kípà, Gbémiga ní àwọn á wá nǹkan ṣe sí i.

Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí league bẹ̀rẹ̀, Ìtẹ́olúwa wá sílé ní Pineridge lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn, ó dọ̀bálẹ̀ sáàárín bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Wọ́n pè mí síṣẹ́ ní Saskatchewan, níbi tí wọ́n ti ń wa potash nínú ilẹ̀. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ ní Monday."

Gbémiga dúró wò ó. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Gbogbo application tó ti kọ láti ìgbà òtútù ló rántí, àti bí phone rẹ̀ ṣe ń dákẹ́ lójoojúmọ́. Inú rẹ̀ dùn sí ọmọ náà, ó sì tún dùn ún, kò wá mọ èyí tó ń hàn lójú òun nínú méjèèjì.

"Dìde, jàre," ó ní níkẹyìn. "Ta ló ń bínú sí iṣẹ́? Ṣé wọ́n fún ẹ nílé? Ṣé o ní jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn? Afẹ́fẹ́ ọ̀hún kì í ṣe eré o."

Rodiyat bu jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran sínú ike ice cream fún un. Gbémiga sìn ín dé ìdí ọkọ̀, ó gbàdúrà fún un, ó dúró síta títí ọkọ̀ náà fi yà ní kọ́nà.

Nígbà tó wọlé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, wọ́n ń wo ara wọn.

"Striker ti lọ," Gbémiga ní.

"Kípà ò sì sí tẹ́lẹ̀," Rodiyat fi kún un.

"So we're literally all midfield," Ìdùnnú ní.

Gbémiga pe àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí phone, ó bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnì kan ṣe kípà. Ọ̀kan ní ẹ̀yìn ń dun òun, òmíràn ní òun ò fẹ́ràn ibi téèyàn ti ń dá dúró. Nígbà tó gbé phone sílẹ̀, Rodiyat ń wò ó ṣáá.

"Kí ló dé?"

"Ta ló mọ̀ nípa kípà jù nínú ilé yìí? Ta ló ń sọ pé kípà ṣe pàtàkì ju gbogbo wọn lọ?"

"Rodi, mo ti lé lógójì dáadáa o."

"Ẹ sì ti fẹ̀ dáadáa. Ẹ máa dí ojú ilé."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn iléèwé, Ìdùnnú á mú bàbá rẹ̀ lọ sí park, á máa gbá bọ́ọ̀lù sí i. Rodiyat á jókòó sórí àga pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀, á máa pariwo. Bọ́ọ̀lù ba Gbémiga níkùn, ó bà á lórúnkún, ó bà á níbi tí kò ṣeé dárúkọ níwájú ọmọ. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni bọ́ọ̀lù ò mọ̀.

"Daddy, open your eyes!"

"Mo là á!"

"You did not!"

Ikọ̀ Clement ni wọ́n kọ́kọ́ bá pàdé. Débọ́lá wà lójú ilé lápá kan, ó ga bí òpó iná. Gbémiga wà lápá kejì, ó wọ ìbọ̀wọ́ snow tí Rodiyat gé orí ìka rẹ̀. Gólì àkọ́kọ́ gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí èkejì ń bọ̀, ó fò sí ọ̀tún, bọ́ọ̀lù sì rọra gba òsì wọlé láìyára rárá. Àwọn tó ń wòran rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fẹ́ ṣubú.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àárín rẹ̀ ń ṣe nǹkan. Wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù fún ara wọn bí ẹni ń pín àkàrà gbígbóná, kò dúró lẹ́sẹ̀ ẹnì kan. Débọ́lá ò mọ ẹni tó máa gbá a nínú wọn. Wọ́n jẹ kan, wọ́n jẹ èkejì, ó di ọ̀mì. Inú bí Clement, ó kúrò nídìí iṣẹ́ coach, ó wọ inú pápá fúnra rẹ̀, ó gba bọ́ọ̀lù, ó sáré dé iwájú Gbémiga, ó sì gbá a pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ba Gbémiga níkùn gbàmù. Ó dì í mú, ó ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ojú rẹ̀ dì pinpin.

"Ṣó wọlé?" ó béèrè látilẹ̀.

"Kò wọlé!" Rodiyat kígbe. "Daddy Ìdùnnú, kò wọlé!"

Èyí tí wọ́n gbá tẹ̀ lé e wọlé ṣá, ikọ̀ Gbémiga sì fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti gbé e dìde, wọ́n ń gbọn koríko lára rẹ̀, wọ́n ń pè é ní Kípà. Rodiyat pariwo débi pé ohùn rẹ̀ há. Nígbà tó dé ibi iṣẹ́ lálẹ́, aláìsàn kan gbọ́ ohùn náà, ó rò pé ó ti sunkún ni, ó sún ìwé ìnujú sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní kó pẹ̀lẹ́ o.

Kí wọ́n tó kúrò ní pápá lọ́jọ́ náà, Débọ́lá ti wá bá Gbémiga. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbìyànjú," ó ní. "Àmọ́ ẹ máa ń di ojú. Ẹ jẹ́ kí n máa wá kọ́ yín."

"Na my own keeper go come teach you?" Clement ké láti ẹ̀yìn. Kò dá wọn dúró ṣá. Láàárín ọ̀sẹ̀, Débọ́lá á wá sí park, á kọ́ Gbémiga bí èèyàn ṣe ń ṣubú láìfarapa. Ìdùnnú náà kọ́ ọ. Nígbà tó fi máa di August, Gbémiga ti ń mú bọ́ọ̀lù méjì nínú mẹ́ta. Tó bá ń rìn lọ nínú mall ní Sunridge, àwọn ọmọdé tó mọ̀ ọ́n á na ọwọ́ méjèèjì sókè, òun náà á na tiẹ̀.

Iṣẹ́ dé lópin August. Kì í ṣe iṣẹ́ epo. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń wa kànga fún àwọn olóko ló ń wá ẹni tó máa ka òkúta fún wọn. Owó tí wọ́n ń san ò tó ti tẹ́lẹ̀, ibi iṣẹ́ sì jìnnà. Gbémiga ti gbà kí obìnrin tó pè é tó sọ̀rọ̀ tán. Roseline lorúkọ obìnrin náà, òun sì ni ọ̀gá tó ń darí wọn níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n máa gbá eré tó kẹ́yìn nínú league bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́. Gbémiga lọ bá Roseline nídìí ẹ̀rọ, ó fi òyìnbó bẹ̀ ẹ́ pé òun máa fẹ́ tètè lọ lọ́sàn-án, pé òun ni goalkeeper. Roseline wo ikùn rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo ikùn rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kó máa lọ, kó má jẹ́ kí òun gbọ́ pé wọ́n na ikọ̀ rẹ̀.

Bó ṣe dé pápá, half time ti tó, bàtà iṣẹ́ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àárín ló ti ń bá a dúró lójú ilé, wọ́n sì ti gbá bọ́ọ̀lù méjì wọlé. Gbémiga ò ráyè pààrọ̀ bàtà. Ó gba ìbọ̀wọ́, ó dúró. Wọn ò tún gbá ìkankan wọlé mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ dá méjèèjì padà, wọ́n gbá ọ̀mì, ìyẹn sì tó láti gbé wọn dé ipò kẹta nínú mẹ́rin. Ikọ̀ Clement ló gba ife. Clement gbé Débọ́lá sọ́rùn, ó ń jó yí pápá ká. Gbémiga fọwọ́ tọ́ Rodiyat pé kó wo kípà tí wọ́n gbé sọ́rùn. Rodiyat ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ìdùnnú ya ikọ̀ wọn ní fọ́tò. Gbémiga fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, pẹ̀lú òmíràn tó ya nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, màmá pè é.

"Olúgbémiga, mo rí fọ́tò. Kí lo ṣe fún wọn?"

"Kí ni mo ṣe fún ta ni, Màmá?"

"Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣeré. Gbogbo wọn ló wà níwájú, tí wọ́n jọ ń sáré. Ìwọ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn, nínú àwọ̀n."

"Rárá, Màmá. Ipò mi nìyẹn. Kípà ni mí."

"Ta ló fún ọ nípò yẹn? Ṣé o ò lè ní kí wọ́n fún ọ ní òmíràn?"

Gbémiga fa àga kan, ó jókòó dáadáa, ó gbé phone sí etí kejì. "Màmá," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín."

Rodiyat gbọ́ ọ láti kíṣìnì. Ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.